Orin Inú Ìkòkò Keje

Ìkòkò amọ̀ méje tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì ló wà nílẹ̀ ilé ọtí Tsiala. Wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ débi ọrùn, ẹnu wọn nìkan ló yọ síta, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì lè gba akọ màlúù kan tòun ti ìwo rẹ̀. Bí mẹ́fà nínú wọn bá ṣófo, tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ tó pe orúkọ ara rẹ̀ sẹ́nu wọn, wọ́n á pe orúkọ náà padà fún un. Ìkeje kì í dáhùn. Ohun tí wọ́n bá sọ sí i, inú ibẹ̀ ló ń wọlé sí. Nugzar, tó ti ń fọ ìkòkò fún gbogbo abúlé láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, bàbá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ.

Ní ìpínlẹ̀ Kakheti wa níbí, ẹni tó bá wọ inú ìkòkò lọ fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ máa kọrin. Kì í ṣe fáàrí. Afẹ́fẹ́ burúkú kan wà tó máa ń jáde lára wáìnì tó bá ń hó. Kò lóòórùn, ojú ò rí i, ó wúwo, ibi tó bá jìn ló ń wá lọ. Ẹni tó bá fà á símú kì í mọ̀ títí orúnkún rẹ̀ á fi yẹ̀. Nítorí náà ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ tí yóò máa fọ̀, tí yóò máa kọrin, ẹnì kejì á jókòó sẹ́nu ìkòkò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbọ́. Bí orin bá ń lọ, èèyàn ń mí. Bí orin bá dá dúró bí ìgbà téèyàn gbé itọ́ mì báyìí, kí ẹni òkè fa okùn nìyẹn.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n nìyí tí Tamaz, ọkọ Tsiala, ti wọ inú ìkòkò keje. Nugzar ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó sẹ́nu rẹ̀. Ìgbà ìkórè ni, kò sẹ́ni tó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n máa fi fa Tamaz jáde, ara rẹ̀ ti tutù, Nugzar sì ń búra fún gbogbo ayé pé orin náà ò dá dúró rí, pé etí òun ló wà níbẹ̀, pé òun gbọ́ ọ títí dé òpin. Àwọn ará abúlé wo ojú rẹ̀ tó pọ́n, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ó sùn. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́, àánú ni wọ́n fi sọ ọ́, èyí ló sì burú jù. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló fi ń jiyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, òun náà ò mọ èwo ni òótọ́ mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa bá ara rẹ̀ ṣe ẹjọ́ kan náà lójoojúmọ́.

Tsiala ní tirẹ̀ ò sọ ọ́ rí pé ó sùn. Kò sì sọ pé kò sùn. Wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé ti Nugzar síwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ èso àjàrà, ó parí. Nugzar ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, eékún ti ń dùn ún, ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń fẹ́ láyé yìí, kí obìnrin yẹn la ẹnu kó sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì fún òun kí òun tó kú.

Ìgbà ìkórè ọdún yìí ni Natela dé. Àlejò kì í wọ́n lágbègbè wa. Wọ́n á wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì, wọ́n á ti ẹsẹ̀ kan bọ inú ọpọ́n tí wọ́n ti ń tẹ èso, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á mu, wọ́n á lọ. Natela ò jọ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni, Batumi létí òkun ló ti wá, kò ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ó sọ báàgì kékeré kan kalẹ̀ níwájú Nugzar.

Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Òpin ẹ̀ di oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ná. Látọdún mẹ́ta ni mi ò ti sùn dáadáa. Níbi iṣẹ́ wa, tí mo bá ti jókòó báyìí ni wọ́n á pè mí. Iṣẹ́ tí kò ní fóònù ni mò ń wá."

Nugzar rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ti wá síbi tí wọ́n ti ń sùn," ló wí, ó sì kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí Tsiala wà lẹ́nu ọ̀nà.

Natela ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó gé èso àjàrà láàárọ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn bí àwọn ọkùnrin, ó wọ inú ọpọ́n gígùn tí wọ́n fi ìtì igi gbẹ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ èso náà títí omi rẹ̀ fi ń ṣàn gba ojú ihò wọ inú ìkòkò. Oyin tẹ̀ lé e kiri. Ó béèrè ìdí tí wọn ò fi yọ igi àti kóró kúrò.

Nugzar ní, "Gbogbo ẹ̀ la máa ń dà sí i níbí, omi, èèpo, kóró, igi. Àwọn ará ibòmíì ló ń ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà."

"Ìgbà wo ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí hó?"

"Kò ní pẹ́. Tó bá ti ń hó, èèpo á gòkè, á bo ojú ẹ̀. O máa fi igi yẹn tì í wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Tó o bá gbàgbé, á kan."

Eldar tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà, tó sì máa ń wá bá wọn ṣe ìkórè, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ẹ ti di ti ẹyẹlé. Tó o bá délé, wọ́n á bi ọ́ pé ta lo lọ pa."

"Irunmú tiyín náà ti mu tiẹ̀ yó," Natela dá a lóhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, àní Tsiala pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí Nugzar ti gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà gbẹ̀yìn. Ó wò ó fúngbà díẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n kéde pé òjò yìnyín ń bọ̀ láti orí òkè. Ẹ̀rù òjò yìnyín ń bà wá ju ti ogun lọ lọ́dọ̀ wa. Gbogbo abúlé tú jáde, wọ́n ń gé ohun tí ọwọ́ wọn bá bà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ìkòkò mẹ́fà ti kún, wọ́n ń hó, ilé ọtí ń dún wúyẹ́wúyẹ́ bí ìgbà tí àwọn àgbààgbà bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ọpọ́n kún fún omi èso, kò sì síbi tí wọ́n máa dà á sí.

Tsiala nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ dúdú tí kò bọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ ṣí ìkeje."

Nugzar wò ó. "Tsiala, àwọn tó kù ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn náà nìyí."

"Mo mọ bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ká wá máa wo gbogbo èyí kó bàjẹ́ ni?"

 Tí obìnrin náà bá ní kí Nugzar wọ inú iná, bóyá ni kò ní lọ. Ó mú irin, ó fọ́ amọ̀ tí wọ́n fi dí ẹnu ìkòkò náà láti ọjọ́ ikú Tamaz, ó yí òkúta kúrò. Inú ìkòkò náà tutù, kò rùn rárá, ó dà bíi pé àná ni wọ́n dí i. Ó fi okùn sọ àbẹ́là tó ń jó kalẹ̀ sínú rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ burúkú wà níbẹ̀. Iná náà ò kú. Ó jó dáadáa, ó tọ́ gangan.

Ṣùgbọ́n èjìká Nugzar ò gba ẹnu ìkòkò náà kọjá mọ́. Ó ti sanra, apá rẹ̀ ò sì ká sókè tó bẹ́ẹ̀. Eldar sanra jù ú lọ, ó sì ti padà sóko lọ gbé apẹ̀rẹ̀. Àwọn géńdé abúlé ti lọ sí Tbilisi, olú ìlú wa, tipẹ́. Natela ti ń ká apá aṣọ rẹ̀.

"Mo gba ibẹ̀ kọjá," ló wí. "Èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ṣé kò tíì rẹ̀ ẹ́?"

"Bàbá, ìgbà wo ni kì í rẹ̀ mí?"

Nugzar so okùn mọ́ ọn nídìí fúnra rẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá a lójú. Ó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi èèpo igi ṣẹ́rì dì. Ó kọ́ ọ lórin náà. Orin àwọn tó ń fọ ìkòkò ò gùn, ẹsẹ mẹ́ta ni. Ní ẹsẹ kìíní, ọkùnrin kan kúrò lóko àjàrà nírọ̀lẹ́. Ní ẹsẹ kejì, ó gba odò kọjá. Ní ẹsẹ kẹta, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ kó ṣílẹ̀kùn fún òun. Ẹsẹ méjì péré ni Nugzar kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ ẹ̀kẹta nínú ọgbà yẹn mọ́, nítorí Tsiala.

"Tó o bá dé odò, padà sóko," ló sọ fún un. "Má dákẹ́. Bó o bá fẹ́ wúkọ́, wú u sínú orin. Tí mi ò bá ti gbọ́ ẹ, màá fà ẹ́ jáde ni."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó gba àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀, orí rẹ̀ wọlé, orin bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò dáa tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó hàn. Ọkùnrin inú orin kúrò lóko, ó gba odò, ó tún padà sóko. Búrọ́ọ̀ṣì ń ha ara ìkòkò lábẹ́ rẹ̀. Nugzar jókòó sórí ilẹ̀, ó fi okùn wé ọwọ́, ó kọ etí sísàlẹ̀. Tsiala wà nídìí ọpọ́n lódì kejì, ó ń fi awẹ́ igbá bu omi èso tó fẹ́ ṣàn dànù.

Láti ọjọ́ méjì ni Nugzar ò ti rí oorun sùn. Ojú rẹ̀ wúwo. Ó gbá ara rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó bu àlùbọ́sà tútù jẹ kí ojú rẹ̀ lè là. Orin náà ń lọ. Ó tiẹ̀ ń dáa sí i, kò wúkọ́ mọ́, kò ṣì í kọ mọ́, ó ń lọ geere. Nugzar sọ nínú ara rẹ̀ pé ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin inú orin kúrò lóko, ó gba odò kọjá, ó gun òkè, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ìyàwó òun ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ ń ṣú. Nugzar ti ń fi imú gbè é kó tó rántí.

Kò kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ó sì gbọ́ ohun kejì tó yẹ kó ti gbọ́ ṣáájú. Búrọ́ọ̀ṣì ò ha nǹkan kan mọ́. Orin náà ò sì dá dúró láti mí.

"Tsiala," ó wí. "Wá bá mi fà á."

Obìnrin náà ò béèrè ìdí. Ó di okùn mú lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jọ fà á. Ẹrù tó wà nídìí okùn náà kò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ rárá. Orí Natela yọ sẹ́nu ìkòkò, ó so kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ ti pa dé, ètè rẹ̀ pa mọ́ra. Ohùn rẹ̀ sì ń kọrin lọ nísàlẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé e jáde sábẹ́ igi wọ́núùtì tó wà nínú ọgbà. Nugzar gbá a lẹ́yìn, Tsiala tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Natela mí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún mí. Nígbà tó yá, ó bì, ó sì la ojú. Nugzar di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé òun ló fẹ́ ṣubú.

"Ìgbà wo lo dákẹ́?" ló bi í.

"Ó ti pẹ́. Mi ò tíì fọ ẹ̀gbẹ́ kan tán." Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí láàárín oorun. "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí n dákẹ́."

"Èmi kọ́."

"Ọkùnrin kan ni. Ó jókòó. Ó ní, 'Ó ti rẹ̀ ẹ́, àbí? Jókòó tì mí, kó o sinmi, màá bá ẹ kọ ọ́.' Látọdún mẹ́ta, kò tíì sẹ́ni tó ní kí n sinmi. Mo jókòó."

Tsiala kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. "Kí ló tún sọ?"

"Ó ní tí mo bá ti sinmi tán, kí n wá gba orin náà lọ́wọ́ òun. Ó ní bí ẹnì kan ṣe sọ fóun náà nìyẹn nígbà tóun wọlé, òun sì ti di í mú látìgbà náà. Ó ní ó ti rẹ òun gan-an." Ó pa ojú dé. "Ó béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà."

Nínú ilé ọtí, orin náà ti dáwọ́ dúró. Ó tó ìgbà tí ẹyẹ kan fi fò kúrò lórí igi bọ́ sórí òrùlé. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀, ohùn ọkùnrin ni, ó jìn, ó há díẹ̀, láti ẹsẹ kẹta. Nugzar mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ohùn náà ti dàgbà, orí ibùsùn kan náà ni wọ́n ti jọ ń pariwo gẹ́gẹ́ bí ọmọdé. Ó ń pe ìyàwó rẹ̀ kó ṣílẹ̀kùn.

Tsiala ò bú sẹ́kún. Ó gbọ́ ọ títí ìlà náà fi parí, ó wá yíjú sí Nugzar, ó wo ojú rẹ̀ gan-an.

"Ẹ ò sùn," ló wí.

"Mi ò sùn."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá yín jẹun tí mo gbà pé ẹ sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Nugzar fẹ́ fèsì, ẹkún ló jáde. Ó jókòó sínú koríko, ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó ń sunkún láìbo ojú, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ ò fi lágbára láti dìde. Tsiala tú ìborùn rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí Natela. "Ẹ má jẹ́ kó sùn o. Mò ń lọ bu omi," ló wí, ó sì lọ. Nugzar ò wo ibi tó gbà. Kànga wà lẹ́yìn ilé ọtí, ọ̀nà kan náà ni.

Ó ń gbá ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń bi í lórúkọ ìyá rẹ̀ kó má baà tún sùn lọ. Orin ń lọ. Nígbà tó yá, ohùn obìnrin gbè é lábẹ́lẹ̀. Nugzar rò pé Tsiala ni, nídìí kànga, pé ó ń sunkún tirẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n sun. Ohùn méjèèjì jọ lọ fún ìlà bíi mẹ́ta. Wọ́n bá ara wọn mu dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Obìnrin náà gbà á níbi tó ti dúró, ó ń bá a lọ.

Ìgbà yẹn ni Nugzar dìde. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ni Eldar àti ọkùnrin méjì ti ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Eldar dúró, ó gbọ́, ojú rẹ̀ tú ká.

"Ṣé Tsiala nìyẹn?" ó ní. "Ọlọ́run ọba, ohùn ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ta lẹ fi sẹ́nu ìkòkò fún un?"

Wọ́n rọra ń sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Kò sóhun tó ń lé wọn, orin ṣáà ń lọ. Nugzar ti sáré wọlé, ó ń ké sí wọn pé kí wọ́n mú okùn bọ̀, wọn ò sì mọ ohun tó ń dà á láàmú.

Natela ló padà sọ fún wọn, tó fi ọwọ́ àti eékún rìn débẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, sé èémí, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ìkòkò, ó so okùn mọ́ Tsiala. Wọ́n gbé Tsiala sórí koríko lábẹ́ igi. Natela fi ìka méjì sí i lọ́rùn, ó fi etí sí àyà rẹ̀, ó ṣe é títí, lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kúrò. Ojú obìnrin náà jọ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa mọ́ra. Àwọn ọkùnrin náà ṣí fìlà.

Bí wọ́n ṣe dúró báyẹn ni gbogbo wọn gbọ́ ọ láti inú ilé ọtí. Ohùn Tsiala ni, ó mọ́, kò yára, kò mí, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọkùnrin náà ti ń kúrò lóko àjàrà. Eldar jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Ó wo òkú tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ọtí, nígbà tó sì pẹ́, ó gbé ojú sókè wo Nugzar, kò lè wò ó pẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò tún sọ lábúlé wa pé Nugzar sùn.